Epo Pupa Lẹ́nu Ẹ̀rọ Bàbá Onípákó

Epo pupa ni mo fi bọ́ ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ rẹ̀ tán kí ara tù mí: epo pupa, iṣu sísun, àti iyọ̀ díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí mo rò pé ohun tó bá ti ìlú òyìnbó wá yóò fẹ́ràn iyọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Mo ti ka Ìwé Kìíní tán, mo ti wọ Ìwé Kejì dé ìdajì, mo lè ka Òfin Mẹ́wàá lórí láìkọsẹ̀, pàápàá èyí tó ní kí a má tẹrí ba fún ère. Síbẹ̀, ní kùtùkùtù òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, mo kúnlẹ̀ níwájú tábìlì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó má jẹ ìka mi.

Òórùn àárọ̀ yẹn ṣì wà nímú mi dòní. Òórùn ìrókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, tó máa ń ta ni nímú bí ata gbígbẹ; òórùn àtè tí Bàbá Onípákó fi awọ màlúù sè, tí eṣinṣin pàápàá ń sá fún; àti lórí gbogbo rẹ̀, òórùn epo tó ń gbóná lára irin tó ń yí. Àfi bí ẹni pé ẹnìkan ń dín àkàrà nínú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ó yẹ kí imú mi ti sọ fún mi pé nǹkan ti wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, imú rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí bí ayé ṣe rí nígbà náà. Ogun Jámánì àkọ́kọ́ kò tíì bẹ́. Rélùwéè ti dé Òṣogbo, ṣùgbọ́n láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹsẹ̀ ẹni ni rélùwéè ẹni. Òyìnbó ajẹ́lẹ̀ wà, a ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ ju bí a ti ń rí ojú rẹ̀ lọ. Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni agbo ilé wa wà, níbi tí ariwo ìgbálẹ̀ ti ń jí ọmọdé kí àkùkọ tó kọ. Ìyá wa a máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, a máa ran òwú, ìrànwú rẹ̀ a sì máa yí lórí ilẹ̀ bí òkòtó.

Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni ìyá wa. Wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un kí wọ́n tó bí mi, iwájú ló sì máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n omi ìrìbọmi kì í fọ ilé bàbá ẹni kúrò lára ẹni. Bí bàbá rẹ̀ bá ra irin tuntun, kò ní fi òòlù kàn án títí yóò fi ta epo sí i, yóò ní kó kọ́kọ́ jẹun kó yó. Ìyá wa kì í ta epo sí ohunkóhun mọ́ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ bá gé ẹnikẹ́ni nínú ilé, ohun tó máa sọ kì í yí padà: "Irin tí a kò bọ́, ara ilé ni yóò jẹ." Ẹ̀rín ló fi máa ń sọ ọ́. Èmi kò mọ̀ pé eré ni.

Bàbá wa, àgbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀. Lọ́jọ́ tí tíṣà nà mí nítorí ìṣirò títí aṣọ mi fi ya lẹ́yìn, bàbá wo ẹ̀yìn mi, ó wo síléètì mi, ó ní, "Ọmọ tí ìwé bá kọ̀, igi kò ní kọ̀ ọ́." Bí mo ṣe kúrò nílé ìwé nìyẹn. Inú mi dùn dé góńgó. N kò mọ ohun tó ń dúró dè mí nídìí igi.

Ẹ̀gbọ́n mi Oyèníran, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ káfíńtà ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún ọdún mẹ́rin gbáko. Ó wá kí wa lẹ́yìn ìkórè, nígbà tó sì ń padà, ó mú mi dání. A sùn lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan. Bí a ti ń lọ ló ń tú ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Ọdún òmìnira rẹ̀ ti pé. Ọ̀gá rẹ̀, tí gbogbo ìlú ń pè ní Bàbá Onípákó, ní òfin kan tí kì í yẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ gbòmìnira yóò dá àga mẹ́fà kàn, ọ̀gá kò ní fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ tó bá parí, wọn yóò to àwọn àga náà síta, àwọn ará ilé yóò wá jókòó lé wọn lójú gbogbo ènìyàn. Bí ọ̀kan bá ké péré, ọdún kan sí i nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi kò sì ní ọdún kan tó fẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọbìnrin kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́. Bàbá ọmọ náà ti sọ̀rọ̀ kan, kò tún ìkejì sọ: òun kò ní fa ọmọ òun fún ẹni tó ṣì ń gbálẹ̀ fún ọ̀gá. Ọkùnrin kan tó ń ta obì sì ti ń yọjú sí ilé wọn, ó ń kí bàbá náà ku iṣẹ́ nígbà tí bàbá kò ṣiṣẹ́ kankan.

"Àjàní," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "ìwọ ni wàá bá mi fá ìṣó igi. Ọ̀gá ní ọmọ ìyá ẹni lè ṣe ìyẹn. Jọ̀ọ́, má bà á jẹ́ fún mi o."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n ń pè ní ìṣó igi?"

Ó wo ojú ọ̀run, ó sì yára ẹsẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Onípákó kò jìnnà sí Tákíè, níbi tí àwọn oníṣòwò ti ń sọ ẹrù kalẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, Èkó ló ti kọ́ṣẹ́, àga rẹ̀ kì í ké láé, ṣùgbọ́n bàtà tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì máa ń ké bí òròmọdìyẹ. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí lára rẹ̀ ni ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ òsì rẹ̀. Ìka náà kò ní orí. Ó dé ibì kan, ó dúró. Ohun kejì tí mo rí ni tábìlì tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, èmi fúnra mi sì so ohun méjèèjì pọ̀ láìbi ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ tábìlì yẹn kì í ṣe kékeré. Ọ̀gá rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Rélùwéè gbé e dé Òṣogbo, alárù mẹ́rin gbé e láti ibẹ̀ wá, ọ̀kan nínú wọn sì búra pé ó ń kùn lójú ọ̀nà. Ẹ fojú inú wo tábìlì tó wúwo bí odó, tí wọ́n lu ihò sí láàárín. Nínú ihò náà ni abẹ kékeré kan ti yọjú síta, kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Kẹ̀kẹ́ irin ńlá kan wà lábẹ́ rẹ̀. Bí o bá ń fi ẹsẹ̀ tẹ pákó ìsàlẹ̀, kẹ̀kẹ́ á yí, okùn awọ á fà, abẹ á sì máa yí kíákíá títí o kò fi ní rí i mọ́. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù nìyẹn. Abẹ tí mo bá ń rí, mo lè sá fún un. Ṣùgbọ́n abẹ tó wà níbẹ̀ tí n kò rí, tó tún ń kùn "hùùùn" bí ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ pẹ́ẹ́ dé!

Bàbá Onípákó kì í kan ìṣó irin mọ́ àga. Igi róbótó tó gùn tó ìka ló fi ń so ó pọ̀: apá kan á wọ inú ihò tó wà lára ẹsẹ̀ àga, apá kejì á wọ inú igi ìdábùú, àtè á sì dì wọ́n mú. Ìṣó igi nìyẹn. Bí a bá gé e lásán, etí orí rẹ̀ á mú, á sì ya ẹnu ihò bó bá ń wọlé. Ìdí nìyí tí a fi ń fá orí rẹ̀ méjèèjì kó rí róbótó bí orí ìka ọmọdé. Iṣẹ́ tábìlì nìyẹn. Pákó kan tí wọ́n lu ihò sí dúró gbọn-in níwájú abẹ. O máa ti ìṣó bọ inú ihò pákó náà, o máa yí i lẹ́ẹ̀kan, abẹ á jẹ etí rẹ̀ yíká, ó parí. Ìka ẹni kò tilẹ̀ ní sún mọ́ abẹ. Ọ̀gá ṣe é lójú mi lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní, "Yí i, má tì í." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìka tí kò lórí yẹn náà ló fi ń nàka sí abẹ.

Mo gbìyànjú lọ́jọ́ kìíní. Mo di ojú mi. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ìyẹn, èmi ni mo fi kọ́ ara mi. Mo na apá gbọọrọ bí ẹni tó ń fi oúnjẹ fún ajá tí kò mọ̀, mo yí ojú sẹ́yìn, mo sì ń tẹ pákó ìsàlẹ̀ bí ẹni tí èèrà wọ̀ lẹ́sẹ̀. Títí di ọ̀sán, ìṣó mẹ́ta ni mo rí fá. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọ̀kan, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Àjàní, ìwọ lo fá eléyìí, àbí eku ló jẹ ẹ́?"

Lọ́jọ́ kejì ló lọ sí Ìkòyí-Ilé láti lọ ra pákó tí yóò fi ṣe ìjókòó àwọn àga. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta ni òun yóò lò, kí òun sì bá ìṣó méjìléláàádọ́rin nílẹ̀. Méjìlá fún àga kọ̀ọ̀kan. Mo wo ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, mo kí wọn pé ó dìgbóṣe.

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ìyá wa wá sí mi lọ́kàn. Mo jí epo nínú ìkòkò ilé ìdáná. Ẹ jẹ́ kí n pe nǹkan lórúkọ rẹ̀: olè ni mo jà. Mo bù ú sára abẹ, mo fi iṣu sí ẹ̀gbẹ́ ihò, mo wọ́n iyọ̀. Mo ní, "Irin, jẹun kó o yó. Èmi Àjàní ọmọ ọmọ alágbẹ̀dẹ ni mo bọ́ ọ. Má jẹ mí." Nígbà tí mo rántí pé ọmọ ìjọ ni mí, mo fi "lórúkọ Jésù, Àmín" kún un, kí apá kankan má bàa bínú.

Mo gun pákó ìsàlẹ̀. Abẹ bẹ̀rẹ̀ sí yí, iṣu fò sí ògiri, epo ta sí mi lójú. Mo ti ìṣó àkọ́kọ́ bọ ihò, mo yí i. Ìka mi pé! Ìkejì, ìka mi pé! Ohùn abẹ pàápàá rọ̀, ó dà bí ẹni tó jẹun yó tó ń hanrun. Láàárín àárọ̀ mẹ́ta, mo fá gbogbo ìṣó yẹn pẹ̀lú ojú lílà, mo ń bọ́ ọ láràárọ̀ bí ẹni ń bọ́ ẹṣin. Orí àwọn ìṣó náà pọ́n bí orí ìyàwó tí wọ́n kùn lósùn. Mo rò pé ẹwà ni. Mo tò wọ́n sínú igbá, mo ń dúró de ìyìn.

Ẹ̀gbọ́n mi dé. Ó mú ọ̀kan nínú igbá, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó wò mí títí. Ó ní, "Ìwọ nìkan lo ṣe é?" Mo ní, "Èmi nìkan ni, Ẹ̀gbọ́n." Ó ní mo káre. Láti ọjọ́ náà, ó ń rán mi níṣẹ́ ṣáá: lọ pọn omi, lọ ṣẹ́gi, lọ wò ó bóyá ewúrẹ́ ọ̀gá ti wọlé. Mo rò pé isinmi ló ń fún mi. Nígbà tí ọjọ́ mẹ́rin fi máa pé, àga mẹ́fà ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n lẹ́wà bí ọmọ ọba. Ọ̀gá dá ọjọ́ òmìnira sí ọjọ́ Sátidé, ó sì ránṣẹ́ sí Ọ̀yọ́.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdé, mo jẹ iṣu àti epo tán, mo lọ dúró ti ọ̀gá níbi tó ti ń ro àtè lórí iná. Mo fẹ́ bá a di igi tó fi ń ro àtè mú. Bó ti rí epo lọ́wọ́ mi, ó tì mí sẹ́yìn.

"Kúrò níbẹ̀! Kò sẹ́ni tó sọ fún ọ? Àtè àti epo kì í sùn lórí ẹní kan. Igi tí epo bá kàn, àtè kò ní dì í mú láéláé. Á dúró lónìí, á dúró lọ́la. Ọjọ́ tí ènìyàn gidi bá jókòó lé e ni yóò tú."

Ẹ̀yin ará! Ìṣirò tí tíṣà fi pàṣán kọ́ mi tí kò wọlé, lójú kan náà ló wọlé. Àga mẹ́fà, ìṣó méjìlá méjìlá, orí méjì méjì lára ìṣó kọ̀ọ̀kan: orí mẹ́rìnlélógóje ni mo ti fi epo pa. Mo ti pa òmìnira ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti fa Àbẹ̀kẹ́ lé olóbì lọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ nítorí kí ìka kan má bàa sọnù, èyí tó jẹ́ pé, bí a bá ní ká sọ òtítọ́, n kò tíì fi ṣe nǹkan gidi kan láyé.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí dán àwọn àga wò ní kọ̀rọ̀. Mo jókòó lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò ké, ṣùgbọ́n kí ni mo wúwo tó? Adìyẹ tó bá sanra á fà mí sílẹ̀. Mo kó ogún iṣu lé ọ̀kan, kò ké. Mo fa ewúrẹ́ ọ̀gá wá, mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú lé ìjókòó. Ewúrẹ́ náà wò mí lójú, ó yàgbẹ́, ó lọ. Aṣọ mi ni mo fi nu ilẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo tọ ẹ̀gbọ́n mi lọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, nípa àga yẹn..." Ó ní, "Àjàní, má dá ọ̀rọ̀ àga sílẹ̀ níbí." Ó lé mi bí ẹni ń lé eṣinṣin. N kò lè gbé òkèlè mì mọ́.

Lọ́jọ́ Fúráìdé ni bàbá àti ìyá wa dé láti Ọ̀yọ́, wọ́n kún fún eruku ọ̀nà. Ìyá wa dì mọ́ mi. "Àjàní ọkọ mi, kí ló gbẹ ọ́ báyìí? Ṣé wọn kì í dáná nílẹ̀ yìí ni?" Bí ọ̀gá ti ń kí wọn kú ìrìn, ó ní nítorí pé ìyá ló bí ọmọ, ìyá ni yóò kọ́kọ́ jókòó lọ́la. Mo wo ìyá wa. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n ẹ mọ̀ pé obìnrin tó sanra ni, tó sì ń rìn bí ẹni tó mọ̀ pé òun sanra. Ọ̀gá ti sọ ọ́: ènìyàn gidi. Ìyá wa ni ènìyàn gidi tó gidi jù lọ tí mo mọ̀.

Sátidé dé. Oòrùn ọ̀sán ń ràn lórí àga mẹ́fẹ̀ẹ̀fà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Àbẹ̀kẹ́ wá pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀, ó da agbádá bo èjìká, kò rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni. Àwọn aládùúgbò pagbo. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń dán fún òógùn. Ọ̀gá nàwọ́, ó ní, "Ìyá, ó kàn yín." Ìyá wa tún ìró rẹ̀ wé, ó kẹ́yìn sí àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀.

Ohùn tó jáde lẹ́nu mi, n kò mọ ibi tó ti wá.

"Ìyá, ẹ má jókòó! Ẹ má jókòó o! Epo ni! Mo ti fi epo bọ́ ọ!"

Ìyá wa dúró bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ kò sí lókè, kò sí nílẹ̀. Mo sáré bọ́ sáàárín agbo, mo dọ̀bálẹ̀, mo da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: abẹ, epo, iṣu, iyọ̀, àdúrà. Mo ní kí wọ́n fi ọdún náà kún tèmi, kí ẹ̀gbọ́n mi máa lọ. Bàbá Àbẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ lanu.

"Ṣé àga yín níbí máa ń jẹun ni?"

Agbo bú sẹ́rìn-ín. Ìyá wa gbé ìdí sókè tán. Ó ní, "Àjàní, ta ló kọ́ ọ ní irú èyí?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá. Ẹ ní irin tí a kò bọ́..."

Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó sì wo ọ̀dọ̀ àwọn ará ìjọ tó wà nínú agbo bóyá wọ́n gbọ́.

Bàbá Onípákó nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Kí ló dé tí ẹ̀rù ẹ̀rọ yẹn fi bà ọ́ tó báyìí?" Mo na ọwọ́ sí ìka rẹ̀. Òun náà wo ìka náà bí ẹni pé ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ rí i. "Èyí? Ìrèké ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí, mo gbé àdá bàbá mi, mo ń gé ìrèké." Agbo tún bú sẹ́rìn-ín. Èmi ẹni tó fi epo, iṣu àti ìgbàgbọ́ bọ́ tábìlì fún àárọ̀ mẹ́ta nítorí ìrèké!

Ọ̀gá dìde, ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rín agbo sì gé.

"Oyèníran, ṣé o mọ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Mo mọ̀, Ọ̀gá. Ọjọ́ tí mo dé ni imú mi ti sọ fún mi."

Ó wá ṣàlàyé. Eérú gbígbóná ló kó gbogbo ìṣó náà sí kí ó lè fa epo inú wọn, ó sì fi ọ̀bẹ tún wọn ha lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tó ń rán mi lọ wo ewúrẹ́. Nítorí pé kò fọkàn tán àtè lórí wọn síbẹ̀, ó lu ihò àwọn ẹsẹ̀ àga já sódì kejì, ó la orí ìṣó níbi tó ti yọ, ó gbá ẹ̀là igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí i láàárín kó lè fẹ̀, kó má lè padà sẹ́yìn. Mo wo àga. Àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo ti ń rí lára ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, tí mo rò pé ọ̀ṣọ́ ni, àwọn nìyẹn.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?" ni Ọ̀gá bi í.

"Ọ̀gá, ẹ ó lé e lọ sílé. Ìwé ti kọ̀ ọ́. Bí igi náà bá tún kọ̀ ọ́, níbo ló kù tí yóò lọ?"

Bàbá wa yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wo òrùlé ilé onílé.

Gbogbo àwọn tó mọ Bàbá Onípákó ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Ohun tó kórìíra ju àga tó ń ké lọ ni ẹni tó fi àbùkù pamọ́ sínú igi. Ó ti lé ọmọ iṣẹ́ kan dànù rí nítorí rẹ̀. Ó gbé àga àkọ́kọ́, ó yí ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó fi èékánná tọ ilà wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé e dé èjìká, ó jù ú sílẹ̀. Ó tún jù ú. Ó jù ú lẹ́ẹ̀kẹta. Ó gbé e kalẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ jókòó."

Ìyá wa wò mí. Mo di ojú. Mo gbọ́ bí ìró rẹ̀ ti dún mọ́ igi. Ó fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ó fara ti ẹ̀yìn pátápátá. Àkùkọ kan kọ lẹ́yìnkùlé, gbogbo wa fò sókè, títí kan bàbá Àbẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n àga kò ké. Ó jókòó lé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bẹ́ẹ̀, kò sí èyí tó sọ̀rọ̀.

Mo ti dàgbà ju bí Bàbá Onípákó ti dàgbà lọ́jọ́ yẹn lọ. Iṣẹ́ igi náà ni mo fi ìgbésí ayé mi ṣe. Àwọn ọmọ Oyèníran àti Àbẹ̀kẹ́, tí wọ́n ń pè mí ní Bàbá Kékeré, ní ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná fá orí ìṣó báyìí. Ó ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fẹ́ pa, wọ́n sì máa ń pè mí pé kí n wá fọwọ́ kàn án. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń yìn wọ́n. Ẹ̀rù ọjọ́ yẹn kò dín rárá. Èmi ni mo tóbi sí i, ó wá dà bí ẹni pé ó kéré. Ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn gbé ẹ̀rù rẹ̀ pamọ́, ó ń jí epo fún un láràárọ̀. Èmi àgbàlagbà a máa sọ ọ́ jáde, wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà á rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ á sì máa lọ. Bí ẹ bá ní kí n sọ ohun tí mo fi sàn ju ọmọ náà lọ, ìyẹn nìkan ni mo rí. Ìka mi sì pé.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ilẹ̀ tí mo dọ̀bálẹ̀ sí ni mo ṣì wà, ẹ̀gbọ́n mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a kò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí. Bàbá Onípákó wò wá, ó wo ìyá wa lórí àga kẹfà, ó wo bàbá Àbẹ̀kẹ́. Ó kọ́kọ́ nàka sí mi, ó ní kí n dìde, ẹni tó lè pariwo àṣìṣe ara rẹ̀ lójú ogunlọ́gọ̀ kí ìyá rẹ̀ má bàa ṣubú, òun lè kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ níṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Òfin mi ni pé kí ẹnikẹ́ni má fi àbùkù pamọ́ sínú igi. Ìwọ kò fi pamọ́ sínú igi, o tún un ṣe. Ọmọ ìyá rẹ lo fi pamọ́, n kò sì ṣòfin lórí ìyẹn. Dìde, Oyèníran, o ti gbòmìnira, lọ kó irinṣẹ́ rẹ."